Fóònù Gbà Pé Ọmọ Yín Ti Pé Ọdún 25

Bí ẹ bá ra fóònù fún ọmọ ní Tákìe, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tàbí ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó tò lọ sí ọ̀nà Under G, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ ó sanwó tán, ọmọkùnrin tó ń tà á yóò já páálí, yóò ki síìmù bọ̀ ọ́, yóò sì bi yín pé, "Mà, ẹ ní Gmail?" Ẹ ó ní ẹ ò ní, tàbí pé ẹ ní ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Kò le tó nǹkan lójú tirẹ̀. Yóò ṣí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Google bá bèèrè ọjọ́ ìbí, yóò yí ọdún náà sẹ́yìn títí yóò fi bọ́ sí 1998 tàbí 2000, torí pé bó bá fi ọjọ́ orí ọmọ síbẹ̀, Google yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè òbí, ìbéèrè yóò pọ̀, oníbàárà mìíràn sì ti dúró lẹ́yìn yín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó bùṣe. Ẹ dúpẹ́, ẹ gun ọ̀kadà, ó di ilé.

Láti ìgbà náà lọ, lójú fóònù yẹn, ọmọ ọdún 13 tó wà nílé yín ti di géńdé tó tó fẹ́yàwó.

Orí ọjọ́ ìbí yẹn ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe láti fi dáàbò bo ọmọdé dúró lé. Bí Google bá mọ̀ pé ọmọ kò tíì pé 18, yóò tan SafeSearch fúnra rẹ̀, kí àwòrán ìhòòhò má baà máa yọ sí i níbi tó ti ń wá ìdáhùn iṣẹ́ àmúrelé. YouTube yóò dáwọ́ fídíò tó ń tẹ̀lé ara wọn láìdúró dúró, yóò sì máa rán an létí pé ilẹ̀ ti ṣú. Bí TikTok bá mọ̀ pé ọmọ ọdún 13 sí 15 ni, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí i, àkáǹtì rẹ̀ yóò wà ní títì fún àjèjì, ìkìlọ̀ rẹ̀ kò sì ní máa dún mọ́ láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó ti pé ọdún 18 nìkan ló lè ṣe LIVE, ìyẹn fífi fídíò hàn bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2023, ẹni tí kò bá tíì pé 18 ti ní ààlà ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ lórí TikTok. Instagram náà bẹ̀rẹ̀ àkáǹtì ọ̀dọ́langba ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024: láti agogo mẹ́wàá alẹ́ sí agogo méje àárọ̀, yóò pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ọmọ tí kò sì tíì pé 16 kò lè tú ètò náà láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i.

Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó máa ṣiṣẹ́ fún ọmọ tí wọ́n bí ní 1998.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ẹjọ́ "ọmọ mi kì í gbé fóònù sílẹ̀" jẹ́ ẹjọ́ àìgbọràn nìkan. Gbogbo wa la máa ń ki "ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà" bọnu, ṣùgbọ́n òwe ò bá wa ṣí Settings. Ọwọ́ àgbàlagbà ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti wá, ọwọ́ àgbàlagbà náà ni àtúnṣe rẹ̀ wà.

Ẹ wo ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ ná

Ẹ gba fóònù ọmọ, kí òun náà jókòó tì yín. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Google, ẹ yan Manage your Google Account, lẹ́yìn náà Personal info. Ẹ ó rí Birthday níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọdún tí ẹni tó ta fóònù fi síbẹ̀ ni, ẹ má tíì yí i. Ẹ kọ́kọ́ ro ọjọ́ orí ọmọ náà.

Bí ọmọ bá ti pé 13, ẹ yí i sí ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, kò séwu. Bí kò bá tíì pé 13, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá yí i, Google yóò fún yín ní ọjọ́ 14 láti fi àkáǹtì náà sábẹ́ òbí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tì í pa, àwòrán àti nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ á sì lè bá a lọ. Ọ̀nà tó dẹrùn jù fún ọmọ ọdún 11 tàbí 12 ni kí ẹ ṣí àkáǹtì tuntun fún un láti inú Family Link, áàpù Google tí mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé, lórí fóònù tiyín, kí ẹ kó nọ́ńbà àwọn ẹbí sínú rẹ̀, kí ẹ tó wá yọ Gmail irọ́ yẹn kúrò.

TikTok, Instagram àti Facebook ní ọjọ́ ìbí tiwọn lọ́tọ̀. Èyí tí ẹ tún ṣe lọ́dọ̀ Google kò kàn wọ́n. Ti TikTok ló le jù nínú wọn, torí kì í jẹ́ kí èèyàn kàn ṣàdédé yí ọjọ́ ìbí padà. Ohun tó yá jù ni kí ẹ pa àkáǹtì náà rẹ́, kí ọmọ ṣí òmíràn pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tòótọ́. Ẹkún máa wà níbẹ̀, nítorí àwọn tó ń tẹ̀lé e á pòórá. Ẹ fara dà á. Ọmọ tí kò tíì pé 13 kò ní àyè lórí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn fúnra wọn ló ṣòfin bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó dìde, ẹ kọ Gmail àti páswọ́ọ̀dù sínú ìwé tí ẹ ń kọ gbèsè oníbàárà sí. Ẹ wo Recovery phone tó wà nínú àkáǹtì náà, kó jẹ́ nọ́ńbà tiyín. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín: ọ̀pọ̀ ìgbà ni nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ta fóònù, òun ló sì lè ṣí i bí ọmọ bá gbàgbé, kì í ṣe ẹ̀yin.

Family Link, àti ibi tó ti máa ń já

Family Link ọ̀fẹ́ ni, Google ló ṣe é. Ẹ gbà á sílẹ̀ láti Play Store sórí fóònù tiyín, kí ẹ fi Gmail tiyín wọlé. Lórí fóònù ọmọ, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Digital Wellbeing & parental controls, ẹ yan Set up parental controls. Yóò bi yín bóyá ọmọ ló ń lo fóònù náà tàbí òbí. Ẹ mú ti ọmọ. Yóò gba Gmail ọmọ, lẹ́yìn náà Gmail àti páswọ́ọ̀dù tiyín. Dátà gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù méjèèjì, kí bátìrì má sì ti lọ sílẹ̀, torí bí fóònù bá kú láàárín rẹ̀, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Lórí Tecno, Infinix àti itel, ibi tí wọ́n tò ó sí lè yàtọ̀ láti fóònù kan sí òmíràn. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tẹ "parental" síbi ìwárí tó wà lókè Settings, yóò yọ.

Ọmọ tó ti pé 13 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ẹ kò lè ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún un ohun tí ẹ máa rí, ìyẹn àwọn áàpù tó ń lò, iye wákàtí àti ibi tí fóònù wà, àti ohun tí ẹ kò ní rí. Family Link kì í ka ọ̀rọ̀ WhatsApp fún òbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bá a jà torí wọ́n rò pé ó ń kà á.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ tò sínú rẹ̀. Ìkíní ni Daily limit. Ẹ lè fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ní tèmi, wákàtí kan ààbọ̀ lọ́jọ́ ilé-ìwé àti mẹ́ta ní Sátidé tó fún ọmọ ọdún 14. Ìkejì ni Downtime, àkókò tí fóònù yóò ti ara rẹ̀ lálẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìkẹta ni kí áàpù tuntun máa gba àṣẹ lọ́dọ̀ yín kó tó wọlé. Fóònù tó bá ti ti ara rẹ̀ báyìí ṣì lè gba ìpè, nítorí náà ẹ lè pe ọmọ láti ọjà nígbàkígbà.

Ibi tó ti máa ń já jù kì í ṣe inú fóònù ọmọ. Inú fóònù ìyá ni. Nínú ilé púpọ̀, ọmọ ló ń bá ìyá rẹ̀ fi àwòrán aṣọ sí Status, òun ló ń ka ìkéde tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí, òun ló sì mọ PIN rẹ̀. Ọmọ tó mọ PIN yẹn lè fún ara rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta sí i nígbà tí ìyá ń ro àmàlà lọ́wọ́, kó sì gbé fóònù padà síbi tó wà. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá ṣe Family Link ni kí ẹ yí PIN tiyín padà. Bí ẹ bá ṣì nílò ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣí fóònù fún un, kí ẹ sì jókòó tì í.

Òbí tó ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Wọ́n pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ẹ fa àgbàlagbà kan nínú ẹbí kalẹ̀, àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá, kó ṣe é lórí fóònù tirẹ̀, kó sì máa jábọ̀ fún yín lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má fà á lé ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún 17 lọ́wọ́. Yóò máa ṣí i fún àbúrò rẹ̀ kí àbúrò má baà fẹjọ́ òun náà sùn.

Àwọn ọ̀nà àbáyọ mìíràn tí ọmọ mọ̀: ó lè fọ fóònù náà pátá kó padà sí bó ṣe wà nínú páálí. Fóònù á bèèrè Gmail àtijọ́ kó tó ṣí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tún fóònù ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń fò ó, owó díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà. Bí ẹ bá rí i pé fóònù ọmọ ṣàdédé mọ́ bíi tuntun, tí àwòrán àti ọ̀rọ̀ WhatsApp àtijọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ó tún lè sọ áàpù kan di méjì. Ọ̀pọ̀ Tecno àti Infinix ní ọ̀nà láti ní WhatsApp méjì lórí fóònù kan, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ń fi áàpù pamọ́ sí. Ẹ tẹ "clone" àti "hide" síbi ìwárí Settings, ẹ wo ohun tó bá yọ. Tí ọmọ bá sì pa dátà, ààlà tuntun tí ẹ ṣe kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí dátà yóò fi dé. Ti àtẹ̀yìnwá ló ṣì máa wà lórí rẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, bí áàpù náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kí ẹ má baà fi ẹ̀sùn èké kàn án.

Ti TikTok gba ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ìṣẹ́jú 60 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í ti ilẹ̀kùn pa. Ó kàn máa ń sọ fún ọmọ ọdún 13 sókè pé kó tẹ kóòdù kan kó tó lè máa bá a lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kóòdù náà. Ọmọ á tẹ ẹ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fẹ́ kó di ààlà tòótọ́, ẹ ṣí àkáǹtì TikTok tiyín, ẹ lọ sí Settings and privacy, ẹ wá Family Pairing, kí ẹ fi fóònù ọmọ wo àwòrán onígun mẹ́rin tó bá yọ lójú tiyín. Láti ibẹ̀, kóòdù di tiyín.

Tí ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun bá fi iPhone ránṣẹ́ sí ọmọ, Family Link kò lè tì í bó ṣe ń ti Android. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Screen Time, kí ẹ fi kóòdù onínọ́ńbà mẹ́rin tì í. Kó má jẹ́ ọdún ìbí yín. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dán wò.

Òru

Bó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ṣe nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí, ẹ ṣe ti òru.

Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ọmọ tó gbọ́dọ̀ jí ní agogo márùn-ún ààbọ̀ láti gbálẹ̀, pọnmi, kó sì dé ilé-ìwé kí wọ́n tó ti géètì, ó yẹ kó ti sùn ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, ìyẹn fún wákàtí 8 péré. Fóònù gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù máa ń fa oorun sẹ́yìn, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́. Fídíò ṣókí kò ní òpin. Fíìmù máa ń parí, bọ́ọ̀lù máa ń parí, TikTok kì í parí. Nítorí náà "màá sùn tí mo bá wò ó tán" kò nítumọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni dátà òru. Àwọn ilé-iṣẹ́ síìmù ń ta dátà ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tó bá máa lò ó láti nǹkan bí agogo méjìlá òru títí di ìdájí. Ọmọ tí kò lówó dátà ọ̀sán mọ ìṣirò yìí dáadáa. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ síìmù, ti fọwọ́ sí àfikún tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìpè àti dátà, ní oṣù kìíní ọdún 2025, òru ti wá wù wọ́n sí i. Ọmọ tó ń tòògbé ní kíláàsì ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, tó sì lè sun ọ̀sán wákàtí mẹ́ta láìjẹun, ẹ má kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Ẹ tẹ *323# lórí síìmù rẹ̀, yóò sọ irú dátà tó wà níbẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí. *312# ni wọ́n fi ń rí àwọn dátà tí wọ́n ń tà. Ẹ tún wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ síìmù fi ránṣẹ́: bí aago tó wà lára rẹ̀ bá jẹ́ 00:07, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Fóònù kò gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá ọmọ. Gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ti iná. Níhìn-ín, ó lè jẹ́ agogo kan òru ni NEPA máa mú un wá, ọmọ á sì ní àfi kí òun dìde lọ ki fóònù bọná. Ó dìde, ó ki í bọ̀ ọ́, ó sì jókòó tì í. Ẹ fi rédíò tàbí fìríìjì palọ̀ ṣe ibùdó: ẹ ra wáyà ìfàgùn kan, kí gbogbo fóònù ilé, títí kan ti bàbá, wà lórí rẹ̀ láti agogo mẹ́jọ ààbọ̀, kí wọ́n ti fi wọ́n sójú iná kí iná tó dé. Bó bá dé, wọ́n á gbà á. Ẹnikẹ́ni kò ní láti dìde. Ọmọ yóò ní fóònù ló ń jí òun. Ẹ ra aago ìtanijí fún un lọ́jà Jagun, ẹ ó rí olówó pọ́ọ́kú.

Mo ní títí kan ti bàbá. Bí bàbá bá ń wo fídíò bọ́ọ̀lù lórí bẹ́ẹ̀dì ní agogo mọ́kànlá, ọmọ á gbọ́ ariwo rẹ̀ láti yàrá kejì.

Ẹ ka nọ́ńbà kí ẹ tó bínú

Digital Wellbeing tó wà nínú Settings ní pátákó kan tí wọ́n ń pè ní Dashboard. Ó ń sọ iye wákàtí tí áàpù kọ̀ọ̀kan gbà àti iye ìgbà tí wọ́n ṣí fóònù lójúmọ́. Ẹ wo ti ọjọ́ méje, kí ẹ má fi ọjọ́ Sátidé kan dájọ́. Kì í ṣe gbogbo wákàtí ló jọra. Wákàtí méjì lórí áàpù ìdánrawò JAMB kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, olùkọ́ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé orí WhatsApp ló ń fi iṣẹ́ àmúrelé sí. Ẹ yọ ìwọ̀nyí kúrò kí ẹ tó ṣírò.

Dátà náà ń sọ òtítọ́. Fídíò YouTube tí kò mọ́ jù, 480p, máa ń jẹ nǹkan bí ìdajì gígì ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ra gígì 3 fún ọ̀sẹ̀ kan tó sì tán lọ́jọ́ kejì, wákàtí fídíò bíi mẹ́fà lẹ ń wò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Data usage kọ́kọ́. Ó lè jẹ́ Play Store ló ń tún áàpù ṣe láìsọ fẹ́nìkan, òun náà ń jẹ gígì. Ẹ lọ sínú Play Store, ẹ sọ fún un pé Wi-Fi nìkan ni kó máa fi ṣe é. Ẹ tún lè kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti fòpin sí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tó ń wọlé.

Bí ìṣirò bá fi hàn pé ọmọ ń lo wákàtí 6 lójúmọ́ fún eré, ẹ má gé e sí méjì lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí ẹ máa yọ lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ ti dé méjì, táàmù kan kò sì tíì parí. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ló máa ń le: ọmọ á máa kanra, á ní ilé sú òun. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ níbẹ̀ ni pé a gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi òmíràn sípò. Ìgbà tó léwu jù ni láàárín agogo méjì ọ̀sán sí méje alẹ́, tí ọmọ ti dé láti ilé-ìwé tí ìyá ṣì wà ní ọjà Wazo. Wákàtí márùn-ún gbáko. Ẹ ní kó máa bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, tàbí kó lọ kọ́ṣẹ́ rírán aṣọ lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tàbí kó lọ gbá bọ́ọ̀lù níta. Ti ìta yẹn ṣe pàtàkì fún ojú pẹ̀lú. Ọmọ tó ń pẹ́ ní gbangba lọ́sàn-án kì í tètè di ẹni tí kò ríran jìnnà. Bó bá gbọ́dọ̀ wo fóònù pẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 kọ̀ọ̀kan, kó gbójú sókè wo ohun tó tó mítà 6 sí i fún ìṣẹ́jú àáyá 20.

Gbígba fóònù pátápátá fún oṣù kan, tàbí fífọ́ ọ mọ́lẹ̀? Mo mọ̀ pé ó máa ń tu inú lára. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni tòkúnbọ̀ kékeré kan tí ọmọ á rà pẹ̀lú owó oúnjẹ ọ̀sán, tó sì ń gbé sábẹ́ ìrọ̀rí. Èyí tí ẹ ń rí sàn ju èyí tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà. Ibi kan ṣoṣo tí n kò ti gba àríyànjiyàn ni gbọ̀ngàn ìdánwò. WAEC kì í bi ọmọ bóyá fóònù wà ní títàn tàbí ní pípa. Bí wọ́n bá bá a lára rẹ̀, wọ́n lè fagi lé gbogbo èsì rẹ̀. Lójọ́ ìdánwò, fóònù á dúró sílé.

Ohun tí Dashboard kò lè fi hàn

Ọmọ tó ń lo ogójì ìṣẹ́jú péré lójúmọ́ lè wà nínú wàhálà tó ju ti ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́fà lọ.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù jẹ́ ti ẹni ọdún 18 sókè, nítorí náà orúkọ àti nọ́ńbà òbí ni ọmọ fi ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì yín: ₦100, ₦200, ₦100, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé, kò dà bí owó dátà. Síìmù tí ọmọ ń lò náà, NIN tiyín ló sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ohun tó bá fi ṣe, orúkọ yín ni wọ́n á kọ́kọ́ rí.

Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń ṣe bí ọ̀rẹ́, tí wọ́n ń gba àwòrán ìhòòhò ọmọ, tí wọ́n sì wá ń hàlẹ̀ pé àwọn máa tú u síta bí kò bá fowó ránṣẹ́. Ọmọ tó ń yí fóònù dojú délẹ̀ bí ẹ ti ń wọlé, tó ń sunkún lẹ́yìn àtẹ̀jíṣẹ́, tó ṣàdédé nílò ₦10,000, ẹ pè é sẹ́yìn, kí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́wọ́, ẹ má na án lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìbẹ̀rù ẹgba ló ń mú kí ọmọ máa sanwó ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀, torí ẹni tó bá gba ti àkọ́kọ́ á padà wá. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ ya ojú fóònù ní àwòrán, kí orúkọ àkáǹtì àti nọ́ńbà hàn níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá dènà ẹni náà. Ètò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Take It Down, ọ̀fẹ́ ni, fún àwòrán ẹni tí kò tíì pé 18. Àwòrán náà kò ní kúrò lórí fóònù yín. Àmì rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mú, tí Facebook, Instagram àti TikTok fi ń dá a mọ̀ kí wọ́n lè yọ ọ́. Òfin Cybercrimes ti ọdún 2015 ka àwòrán ìhòòhò ọmọdé sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ẹ lè fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ẹ sì lè pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, lórí 627.

Ti eré orí fóònù tó ti di àìsàn náà wà. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti fi í sínú ìwé àìsàn wọn, ICD-11, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2019. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó fẹ́ràn géèmù ló ní in. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ọmọ kò lè dáwọ́ dúró mọ́ kódà nígbà tó fẹ́, ó ti pa oúnjẹ, ọ̀rẹ́ àti ẹ̀kọ́ tì nítorí rẹ̀, ó sì ti ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù 12. Bó bá rí báyìí, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ilé ìwòsàn Bowen tàbí ti LAUTECH, kí ẹ kọ iye wákàtí tó ń lò lójúmọ́ sínú ìwé, kí ẹ mú ìwé náà dání. Dókítà lè bèèrè rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí bá yí po

Ọjọ́ ìbí tí ẹ tún ṣe yẹn á máa ṣiṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀, ó sì dára kí ẹ mọ àwọn ọjọ́ tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ bá pé 13, Google á kọ̀wé sí òun àti ẹ̀yin, pé ó ti dé ọjọ́ orí tí òun náà ti lè ní ohùn nínú bí wọ́n ṣe ń bójú tó àkáǹtì rẹ̀. Ẹ ti bá a sọ ọ́ kí ìwé náà tó dé. Lọ́dọọdún, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún Daily limit rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí, bó bá ti ń pa àdéhùn òru mọ́. Ó mọyì rẹ̀ ju kéèkì lọ, n kò ṣàwàdà. Ọjọ́ tó bá pé 16, TikTok á ṣí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ fún un, Instagram náà á sì jẹ́ kó lè tú àwọn ètò kan láìbi yín. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí àwọn àlejò tó lọ tán, ẹ jókòó tì í, ẹ ṣí Settings and privacy, kí ẹ jọ yan ẹni tó lè kọ̀wé sí i.